Ìpanu Tí Kò Fojú Kan Iná

Láti ìgbà tí gáàsì ti wọ́n gógó, àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní ẹ̀ka oúnjẹ aṣaralóore kò yéé bi mí léèrè ìpanu tí a kì í gbé ka iná. Ìbéèrè tó dáa ni. Ohun tí wọ́n ń fi tì í lẹ́yìn ló máa ń bí mi nínú: "Àǹtí, mo ti ń fi kùkúḿbà ṣe é, àmọ́ inú máa ń run mí tí mo bá jẹ ẹ́ tán." Mo bá ní, omi wo lo fi fọ kùkúḿbà ọ̀hún? Á wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè orúkọ ìyá ìyá rẹ̀. "Fọ̀ ọ́ kẹ̀? Ṣebí mo bẹ èèpo rẹ̀ ni."

Ṣíṣe rẹ̀ kò le. Ẹ gé kùkúḿbà róbótó-róbótó, kó má fẹ́lẹ́ jù, ẹ kó ohun tó dùn lé e lórí, ó tán. Ó lè jẹ́ píà tí ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀, tí ẹ rẹ́ àlùbọ́sà àti ata rodo wẹ́wẹ́ sí. Ó lè jẹ́ sàdíìnì inú agolo tí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé, tàbí kúlíkúlí tí ẹ gún pọ̀ mọ́ yájì. Tòmátò tó ṣì le náà ṣeé lò bí ẹ bá ti yọ kóró inú rẹ̀. Ní ti ikàn, ẹ̀pà lílọ̀ tó lata ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ má dà á láàmú. Àwọn Ìgbò tó ń fi í ṣàlejò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ má bu iyọ̀ sí kùkúḿbà fúnra rẹ̀. Nǹkan bí 95 nínú 100 ara rẹ̀ ló jẹ́ omi, iyọ̀ á fa omi náà jáde, kúlíkúlí yín á sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Inú ohun tó ń lọ sórí ni iyọ̀ ń wà, ìgbà tí ẹnu bá sì ti fẹ́ kàn án ni kí ẹ tó kó o lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá bí ẹ ó ṣe fọn, ẹ rántí pé 100 gíráàmù kùkúḿbà kò fúnni ju nǹkan bí kálórì 15 lọ, ti ẹ̀pà sì ju 550 lọ. Kùkúḿbà kọ́ ló ń múni sanra, ẹrù tí ẹ dì lé e lórí ni.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, àmọ́ omi ni mo fẹ́ sọ. Iná máa ń bo àṣírí wa púpọ̀. Ẹ̀fọ́ tí ẹ kò fọ̀ dáadáa, bó bá hó lórí iná, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà lára rẹ̀ á kú. Ohun tí kò ní fojú kan iná kò ní alágbàwí kankan ju omi, ọwọ́, ọ̀bẹ àti aago lọ. Kùkúḿbà tí ẹ rà ní ọjà Ṣáṣá tàbí Bódìjà, ilẹ̀ lásán ló sùn lé lóko. Wọ́n lè ti da ìgbẹ́ adìyẹ sí ìdí rẹ̀, wọ́n lè ti fi omi odò tí màlúù ń wọ̀ bomi rin ín. Inú àpò ló bá wá sí ìlú, ẹni tó ń tà á sì ti ń bu omi inú ike kan ṣoṣo wọ́n ọn láti àárọ̀ kó lè máa dán. Ó wá dé ọwọ́ yín, ẹ ní ẹ bẹ èèpo rẹ̀. Ẹ wo ọ̀bẹ yẹn dáadáa: èèpo ló kọ́kọ́ kàn, ibẹ̀ ló gbà wọ inú. Gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ èèpo ló bá a wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọ̀ ọ́ ká tó bẹ ẹ́. Kárọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀, píà náà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ èèpo píà.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ná. Kí omi máa ṣàn sí kùkúḿbà náà lára, bí kò bá sì sí ẹ̀rọ omi, kí ẹnì kan máa fi ife dà á, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, tàbí búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ kò fi ṣe nǹkan mìíràn. Rírẹ ẹ́ sínú abọ́ kò tó, nítorí ìdọ̀tí ara ẹyọ kan á ràn dé ara gbogbo yòókù. Omi tí ẹ kò lè mu, ẹ má fi fọ ohun tí ẹ kò ní sè. Bó bá jẹ́ omi kànga, ẹ sè é kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kó sì tutù. Pákó tí ẹ fi gé adìyẹ tútù, ẹ má gbé kùkúḿbà dé orí rẹ̀.

Àwọn kan ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́. Ọṣẹ yẹn ń wọ ara ẹ̀fọ́, ẹ ó sì jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn ní iyọ̀ ni. Ta ló sọ fún yín pé iyọ̀ ṣíbí kan nínú abọ́ omi ń pa kòkòrò onígbáméjì? Kòkòrò yẹn gan-an, ibi tí odò ti ń pàdé òkun, tí omi ti níyọ̀ díẹ̀díẹ̀, ni ilé rẹ̀. Ilé baba rẹ̀ lẹ ń dá a padà sí!

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ta ló kọ́ wa láti máa gé orí kùkúḿbà, ká wá máa fi orí náà ra ojú ibi tí a gé títí tí yóò fi yọ ìfóòfó funfun? "Májèlé rẹ̀ ni mò ń yọ, Àǹtí." Májèlé wo? Oje ara rẹ̀ lẹ̀ ń rí. Ohun tó ń mú kùkúḿbà korò ń jẹ́ cucurbitacin, ìdí ibi tó ti so mọ́ ìtàkùn àti abẹ́ èèpo ló ti máa ń pọ̀ sí. Ẹ gé ìdí náà sọ nù, ó parí. Bí èyí tó kù bá ṣì korò burúkú, ẹ má jẹ ẹ́ rárá. Rírà tí ẹ ń ra á kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí èèpo lẹ fi ń kun inú rẹ̀. Ẹni tó sì ń ta omi kùkúḿbà nínú ike ní ibùdókọ̀, tó ní ó ń fọ kíndìnrín, ó ń yọ́ ọ̀rá ikùn, ẹ bá mi bi í léèrè ilé ẹ̀kọ́ tó lọ. Kíndìnrín ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ yín, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá bá òun wẹ̀. A jókòó kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, a tún lọ fi ara kọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù, ẹni tó ka nǹkan lórí WhatsApp lánàá á wá máa pe ara rẹ̀ ní dókítà oúnjẹ.

"Ìdọ̀tí kì í pa Adúláwọ̀," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ó ń pa á. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 tí onígbáméjì jà ní Èkó, omi ọ̀fíó tí wọ́n ń tà kiri láìgba àṣẹ NAFDAC wà lára ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà nàka sí. Ó ń pa òyìnbó náà: ní Jámánì lọ́dún 2011, ó lé ní 50 ènìyàn tí kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ E. coli inú oúnjẹ tútù pa. Kùkúḿbà Sípéènì ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù, owó ńlá sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, kó tó hàn pé irúgbìn tí wọ́n mú hù, tí wọ́n ń jẹ láìsè, ló fà á.

Èyí tó dùn mí jù ni ti màmá kan tó máa ń wá yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ wa. Wọ́n fẹ́ kó ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti gé kùkúḿbà, wọ́n po ẹyin sísè mọ́ méyónéèsì, wọ́n kó o lé e, wọ́n tò ó sínú kúlà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àlejò jẹ ẹ́. Kó tó di alẹ́, ẹni tó ń bì ń bì, ẹni tó ń ṣu ń ṣu. Kíá, wọ́n ní wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ. Wòlíì dé, ó rí obìnrin kan nínú ẹbí tí inú rẹ̀ kò dùn sí ọmọ náà. Ìyàwó àbúrò ọkọ, tó bá wọn gé kùkúḿbà, ni wọ́n dì í lẹ́rù lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Màmá ń rò ó fún mi bí ẹni ń jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ní, "Màmá, yìnyín ńkọ́ nínú kúlà yẹn?"

"Yìnyín kẹ̀? Kúlà mà ni, ọmọ mi."

Kúlà tí kò ní yìnyín kì í mú nǹkan tutù, ńṣe ló ń pa ooru mọ́. Ẹ̀fọ́ tí a ti gé, tí ẹyin tàbí ẹja wà lórí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta fíríìjì, bí oòrùn bá sì mú kọjá 32°C, wákàtí 1 péré. Tiwọn sun oorun alẹ́ kan gbáko níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ fi ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ bẹ ìyàwó náà padà. Màmá ní wòlíì ti gbààwẹ̀ lé e lórí.

Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú ẹnikẹ́ni nílé yín, ẹ má ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ni kí ẹ dá padà. Bí kò bá sí ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi mu, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó tẹ́ dọ́gba àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá wá ń dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, tí ojú ń jìn sínú, wákàtí díẹ̀ ló kù fún yín. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì máa bu omi náà fún un mu nínú ọkọ̀.