Bí ilá ṣe di gumbo ní Louisiana

Ẹni tó ń gbé ní Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ gumbo fún òun. Gombo ni Faransé ń pe ilá níbẹ̀ títí dòní. Àwa tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ la máa ń rò pé ọbẹ̀ àwọn òyìnbó Cajun kan ni, èyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ onílé (tí èèyàn lè sùn, kó sì dáná nínú ẹ̀) rìnrìn àjò gba gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kọjá máa ń yà jẹ ní Lafayette tàbí Breaux Bridge, ní ìpínlẹ̀ Louisiana.

Apá Angola lọ́hùn-ún lọ́rọ̀ náà ti wá: ki ngombo, ilá. Àwọn kan ò gbà. Wọ́n ní kombo ni, ìyẹn orúkọ tí àwọn Choctaw, tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ń pe ewé igi sassafras gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná. Mo gbà pé ọwọ́ Choctaw wà nínú ìkòkò yẹn o, àmọ́ ẹ̀yìn ilá ni mo wà, torí ilá gan-an ni àwọn tó ń sọ Faransé ní Louisiana ń pè ní gombo.

Ọdún 1719 ni ọkọ̀ ojú omi méjì, l'Aurore àti Duc du Maine, já àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Ouidah sí Louisiana. Etíkun Benin ni Ouidah, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Badagry. Wọ́n ti pàṣẹ fáwọn ọ̀gá ọkọ̀ pé kí wọ́n wá àwọn tó mọ iṣẹ́ ìrẹsì rà, kí wọ́n sì gbé àgbá irúgbìn ìrẹsì dání. Ọgbọ́n oko wà lára ohun tí wọ́n ń jí gbé nìyẹn. Lẹ́yìn wọn, Senegal àti Gambia ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ jù lọ wá, àwọn tó jẹ́ pé ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó ń fà kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wọn.

Ibo wá làwọn Cajun wà nígbà yẹn? Òkè òtútù ni, ní Acadia, tó wà ní Kánádà òde òní. Nígbà tí wọn ò búra fún ọba Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe fẹ́, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kúrò nílé ní 1755. Àwọn tí wọ́n lé lé ní 10,000. Ọkọ ń bá ọkọ̀ kan lọ, ìyàwó ń bá òmíràn lọ. Ní 1765, Joseph Broussard, tí wọ́n ń pè ní Beausoleil, kó nǹkan bí 200 wọn dé Louisiana. Ọkọ̀ méje tún kó nǹkan bí 1,600 wá láti Faransé ní 1785. Acadien ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹnu jẹ ẹ́ di Cadien, ó tún jẹ ẹ́ di Cajun. Ọdún 46 ni ti ará Áfíríkà fi ṣáájú tiwọn.

Àmọ́ wọn ò wá lọ́wọ́ òfo. Ọgbọ́n roux, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń yan nínú òróró kí wọ́n tó fi se ọbẹ̀, jẹ́ ti Faransé. Ìkòkò irin tó wúwo ni, òróró nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun lórí òróró, iná jẹ́jẹ́. Ẹ ó máa rò ó láìsinmi. Á kọ́kọ́ funfun, á dà bí ẹ̀pà yíyan, á wá pọ́n títí á fi dúdú bíi ṣokoléètì. Ẹni tó lọ gbé fóònù ti bà á jẹ́: bí ẹ bá rí èérún dúdú nínú ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Tó bá pọ́n tán ni àlùbọ́sà, selẹ́rì àti tàtàṣé tútù á wọlé, kí omi, adìẹ àti sọ́séèjì tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí fíríìjì ò tíì sí, ìgbà ooru ni ilá máa ń wà. Tó bá di ìgbà òtútù, ewé sassafras gbígbẹ ti Choctaw yẹn, tí wọ́n ń pè ní filé, ló ń mú un fà. Ẹ ó ti sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó bu filé sí i, torí tó bá hó lórí iná, á máa fà bí òwú.

Orin wọn náà kò jìnnà sídìí ààrò. Zydeco, orin àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ tí Clifton Chenier fi akọ́díọ̀nù gbé kiri ayé (irú ohun èlò tí I. K. Dairo mú wọnú jùjú), ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fún orúkọ rẹ̀ ni "ẹ̀wà", láti inú ọ̀rọ̀ Faransé kan tó ní ẹ̀wà ò níyọ̀, torí kò sówó ẹran iyọ̀.

Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí gumbo nígbà tó ṣì wà lẹ́sẹ̀ méjì, ẹ dé ìlú Mamou tàbí Eunice ní Louisiana lọ́jọ́ Mardi Gras, àríyá ọjọ́ Túsìdeè tó ṣáájú àwẹ̀ Lẹ́ǹtì. Àwọn ọkùnrin á wọ ẹ̀kú aláràbarà, wọ́n á gun ẹṣin. Ọ̀gá wọn á gbé àsíá funfun lọ síwájú láti tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Onílé á ju adìẹ sókè, gbogbo wọn á sì ya lé e, wọn ì bá à ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ẹni tó bá ti sá fún egúngún rí á mọ̀ ọ́n ní eré. Adìẹ yẹn ló ń wọ ìkòkò nírọ̀lẹ́.

Ìjà ibẹ̀ ò tíì parí. Àwọn ará New Orleans ń fi tòmátò sí tiwọn. Ẹ má dán an wò níwájú Cajun.