Esc kò gbọ́, Tab kò débẹ̀: ìbéèrè màmá kan lórí fèrèsé tí kò ṣeé pa dé

Màmá kan ń gbé ní Ìbarà níbí, ní Abẹ́òkúta, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n, wọn kì í lo máòsì, kíbọọ̀dù nìkan ni. Wọ́n wá kọ fọ́ọ̀mù kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánsẹ́kẹ́. Wọ́n ti kọ ọ́ dé ìdajì kí fèrèsé kékeré kan tó yọ bò ó lójú, tó ní kí wọ́n fi ímeèlì sílẹ̀ kí àwọn lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́. Wọ́n tẹ Esc, kò lọ. Wọ́n tẹ Tab, tó ń gbéni láti ibì kan dé ibòmíràn lójú ìwé, títí, kò dé orí X tí a fi ń pa á dé. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí, torí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọmọ mi, àbí èmi ni mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa?

Rárá, mà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ọdún 1960 ni Bob Bemer, tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, gbé bọ́tìnì Esc kalẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè ti inú irú àmì ìkọ̀wé kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló di bọ́tìnì "mi ò ṣe mọ́". Ṣùgbọ́n fèrèsé tó yọ sí yín yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Àpótí tí ẹni tó kọ́ ìkànnì náà yà sójú ìwé ni. Bí kò bá sọ fún un pé kó kúrò tí wọ́n bá tẹ Esc, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ di alẹ́, kò ní gbọ́.

Mo ń rí X yẹn kòrókòró. Kí ló dé tí Tab ò débẹ̀?

Mo jókòó tì wọ́n, mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yí ibi tí a wà ká ń rìn lábẹ́ àpótí náà: ó dé orí orúkọ, ó dé orí àdírẹ́sì, ó dé orí nọ́ńbà fóònù. Etí rẹ̀ nìkan là ń rí. Ẹni tó kọ́ ìkànnì gbé àpótí síwájú wa, kò gbé Tab wọ inú rẹ̀. Bí ẹni ń tọwọ́ bọ abẹ́ ẹní wá abẹ́rẹ́ ni, tí abẹ́rẹ́ sì wà lórí ẹní.

X náà tún ní àléébù tirẹ̀. Bọ́tìnì gidi máa ń gbọ́ Enter, ó máa ń gbọ́ Space, Tab sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń fi div, àpótí lásán tí kì í ṣe bọ́tìnì, ya X. Máòsì nìkan ló ń gbọ́. Ó ń dùn mí, torí iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni láti sọ ọ́ di bọ́tìnì.

Ẹni tí kò ríran ńkọ́?

Tiwọn le jù. Ohun èlò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè ni wọ́n ń lò, bíi NVDA, ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran, ará Ọsirélíà tí òun náà kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006. Bí Tab kò bá wọ inú àpótí, NVDA lè má sọ fún wọn rárá pé nǹkan kan yọ. Bí ó bá sì débẹ̀, tí X kò ní orúkọ, "bọ́tìnì" lásán ni wọ́n máa gbọ́. Bọ́tìnì kí ni?

Kí ni kí n wá ṣe, kí gbogbo ohun tí mo kọ má lọ?

Ẹ kọ́kọ́ tẹ Esc. Bí kò bá lọ, ẹ tẹ Ctrl àti L kí ẹ lè dé ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì ìkànnì sí, kí ẹ wá máa tẹ Shift àti Tab pọ̀. Lẹ́yìn bọ́tìnì bíi mélòó kan, ẹ ó gba ìsàlẹ̀ wọ inú ìwé náà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń to irú àpótí báyìí sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ni a ń rí i.

Bí kọ̀ǹpútà Windows yín bá ní nọ́ńbà lápá ọ̀tún, ẹ tẹ Alt àti Shift ti apá òsì pẹ̀lú Num Lock, kí ẹ sì gbà á láàyè bí Windows bá béèrè. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn á máa tì ọfà máòsì kiri, 5 á sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ Ctrl àti W. Gbogbo ojú ìwé ló ń pa dé, fọ́ọ̀mù á sì bá a lọ.

Ṣé kò sí òfin tó dè wọ́n ni?

Ìlànà wà. W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, ló ṣe WCAG, ìlànà tó ń sọ bí ìkànnì ṣe máa ṣeé lò fún gbogbo èèyàn, títí kan aláàbọ̀ ara. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2008 ló ti wà nínú rẹ̀ pé ohun gbogbo gbọ́dọ̀ ṣeé fi kíbọọ̀dù ṣe, kíbọọ̀dù kò sì gbọ́dọ̀ há síbì kan. Ìpele A ni méjèèjì, ìyẹn ìpele tó kéré jù lọ.

Ọmọ ọmọ mi ń kọ́ ìkànnì. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ ní kó lo dialog, àmì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún irú àpótí báyìí, kó fi àṣẹ showModal ṣí i. Láti oṣù Kẹta ọdún 2022 ni Chrome, Firefox àti Safari ti jọ gbà á. Esc á pa á dé, Tab kò ní lọ sórí ìwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó bá sì kúrò, ìlà búlúù á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ tẹnu mọ́ ìpadà yẹn fún un. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Shift àti Tab gbé wa dé orí bọ́tìnì "Rárá" nísàlẹ̀ àpótí náà. Màmá tẹ Enter, ó lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún tẹ Tab, ìlà búlúù sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, lórí àmì ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn tún Tab tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi padà dé orí nọ́ńbà fóònù.