Fífà Sẹ́yìn Kì Í Ṣe Odi: Ohun Tí Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Ayé Àtijọ́ Ń Fi Pamọ́ Nípa Oyún

Ẹni tó bá ń wo àtẹ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Òṣogbo kò ní pẹ́ rí ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n gbé ka ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́: ìjòyè olówó kan tí kò fẹ́ gbéyàwó, ọmọbìnrin ọlọ́gbọ́n kan tí gbèsè bàbá rẹ̀ ti sọ di aláìní, ilé ńlá, ẹṣin àti agbo ijó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń kà á, wọ́n ń yá ara wọn, títí èèpo ẹ̀yìn ìwé náà yóò fi já. Ìgbàgbọ́ òdì méjì ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kà á. Èkíní ni pé àwọn ará àtijọ́ kò mọ ohunkóhun nípa dídènà oyún, nítorí náà òǹkọ̀wé tó bá fi í sínú ìtàn ń parọ́ mọ́ wọn ni. Èkejì, tó sì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé bí ọkùnrin bá ti lè kó ara rẹ̀ níjàánu, tó fà sẹ́yìn kí àtọ̀ tó jáde, oyún kò lè dúró.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn láti tú palẹ̀. Soranus, oníṣègùn ará Éfésù tó gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, kọ ìwé lórí ìtọ́jú àwọn obìnrin, ó sì fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tó ń dènà oyún àti ohun tó ń ba oyún jẹ́. Ní 1564 ni wọ́n tẹ ìwé Gabriele Falloppio, oníṣègùn ará Ítálì, jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, nínú èyí tó ti ṣàpèjúwe àpò kékeré tí a fi aṣọ ọ̀gbọ̀ ṣe fún ọkùnrin. Àrùn sífílíìsì, tí ìbálòpọ̀ máa ń tàn kálẹ̀, ló ń bá jà, kì í ṣe oyún. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún 18, wọ́n ti ń fi ìfun àgùntàn ṣe irú àpò bẹ́ẹ̀ tà, Casanova, ará Ítálì tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin, sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ní 1823, Francis Place pín ìwé ìléwọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí àwọn obìnrin tó ti lọ́kọ máa lo kànìnkànìn rírọ̀ kékeré tí a so okùn mọ́. Obìnrin inú ìtàn tó bá gbọ́ nípa kànìnkànìn àti ọtí kíkan ní àsìkò yẹn kò ṣe ohun àrà. Ohun àrà ni bí akọni ọdún 1815 bá yọ kọ́ńdọ̀mù onírọ́bà jáde nínú àpò, nítorí 1844 ni Charles Goodyear tó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a ń gbà se rọ́bà kó lè lágbára, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Onífun àgùntàn náà wọ́n, wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sínú omi kó tó ṣeé wọ̀, wọ́n sì máa ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tún un lò. Àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà kọ ìyẹn.

Fífà sẹ́yìn ni ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ràn jù, ìdí rẹ̀ sì yé mi. Kò gba ohun èlò kankan, kò da eré ìfẹ́ náà rú, ó sì ń fi hàn pé akọni náà bìkítà fún obìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, kò sí oyún. Lọ́jọ́ tí ìfẹ́ bá wá bo akọni lójú tó gbàgbé láti fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oyún dé, ìgbéyàwó sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ tí òǹkàwé ń mú lọ láìfura ni pé àìṣọ́ra ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń fa oyún, àti pé ẹni tó bá ti ṣọ́ra ti bọ́.

Ara ènìyàn kì í tẹ̀ lé ìtàn. Omi díẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lára ọkùnrin kí àtọ̀ gan-an tó dé lè ní irúgbìn ọkùnrin nínú lára àwọn kan. Olúwarẹ̀ kì í mọ ìgbà tó jáde, kò sì lè dá a dúró. Irúgbìn náà lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin obìnrin kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn tó bá jáde, nítorí náà ìbálòpọ̀ ọjọ́ Ajé lè di oyún lọ́jọ́ Ẹtì. Nínú 100 tọkọtaya tó bá gbára lé fífà sẹ́yìn nìkan, bí 20 ni yóò lóyún láàárín ọdún kan. Bí wọ́n bá ṣe é láìṣìnà ní gbogbo ìgbà, iye náà lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 4, ṣùgbọ́n a mọ irú ènìyàn tí ìjòyè inú ìwé máa ń jẹ́: ọtí kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, òru ló sì máa ń ṣe gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣe. Òun ni wọ́n ní ká gbà pé kò ṣìnà rí.

N kò sọ pé asán ni. Láàárín àwọn tí kò dènà oyún rárá, bí 85 nínú 100 ni yóò lóyún láàárín ọdún kan, ìyàtọ̀ sì wà láàárín 85 àti 20. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé fífà sẹ́yìn wà lára ohun tó jẹ́ kí iye ọmọ inú ìdílé dín kù ní ilẹ̀ Faransé láti ìparí ọ̀rúndún 18. Àmọ́ ohun tó dín iye ọmọ gbogbo ìlú kù kì í ṣe ohun tó lè dá obìnrin kan ṣoṣo lójú ní òru kan pàtó, obìnrin kan ṣoṣo yìí sì ni ìtàn ìfẹ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kíka ọjọ́ tún burú jù báyìí lọ. Bí obìnrin inú ìtàn ọdún 1815 bá ka ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀, tó sì yan ọjọ́ tí oyún kò lè dúró láìṣìnà, òǹkọ̀wé ti yá a ní ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní. Ní 1827 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Karl Ernst von Baer tó rí ẹyin ẹ̀dá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Àwọn ọdún 1920 ni àwọn dókítà méjì, Kyusaku Ogino ní Japan àti Hermann Knaus ní Austria tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà ọ̀rúndún 19 ń fi obìnrin wé ajá tí ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ lára rẹ̀ nígbà tó bá ń wá akọ, wọ́n sì ń sọ fún àwọn obìnrin pé àárín oṣù ni kò séwu, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó léwu jù gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀ dáadáa ni oyún yóò yára bá.

Kí a má fi àwọn ará àtijọ́ rẹ́rìn-ín jù. Soranus kan náà tí mo dárúkọ lókè gba obìnrin nímọ̀ràn pé kó lóṣòó lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kó sì mú kí ara rẹ̀ sín. Ní Òṣogbo lónìí, àwọn ọmọbìnrin ṣì wà tí wọ́n ń mu omi iyọ̀ tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí tí wọ́n ń tọ̀ kíákíá tí wọ́n sì ń fò sókè sódò. Omi iyọ̀ tàbí omi ọsàn tí a mu kì í dé ilé ọmọ, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sì yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ọmọ ń gbà. Ọ̀rọ̀ pé oyún kì í dúró lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọkùnrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá, nítorí bóyá ẹyin wà nílẹ̀ tàbí kò sí lọ̀ràn náà dá lé. Oògùn pàjáwìrì tí a lè lò láàárín wákàtí 72 wà báyìí. Bí a bá sì ṣe yára lò ó tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Akọni obìnrin inú ìtàn kò ní irú rẹ̀.

Ohun tó tún kù ni ikú. Láti àárín ọ̀rúndún 19 títí di àwọn ọdún 1930, obìnrin bí 4 sí 5 ló ń kú fún ìbímọ 1000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan sì lè bí ọmọ mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1817, ní àárín àsìkò tí àwọn ìwé wọ̀nyí fẹ́ràn jù, ọmọbìnrin ọba lọ́la ilẹ̀ náà, Charlotte, bí òkú ọmọkùnrin, òun náà sì kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ọmọ ọdún 21 ni, àwọn dókítà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó gbé ayé nígbà náà kò lè ronú oyún kó má ronú èyí, síbẹ̀ nínú ìtàn ìfẹ́, ìkókó tó sanra ní ojú ewé tó kẹ́yìn ni gbogbo ohun tí a máa ń rí.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ka Òṣogbo fúnra rẹ̀, ká sọ pé ní àsìkò ogun 1840 tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin níbí, kò ní nílò kànìnkànìn tàbí ìfun àgùntàn. Àwọn ìyá wa ń fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọn kì í sì sùn ti ọkọ ní gbogbo àkókò náà, nítorí ìgbàgbọ́ pé àtọ̀ yóò ba wàrà ọmú jẹ́. John àti Pat Caldwell, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá, kọ nípa ìtakété yìí ní 1977. Ìdí tí wọ́n fún un kò tọ̀nà, nítorí àtọ̀ kì í wọ inú wàrà, ṣùgbọ́n ìtakété náà ń ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ gbó kí àbúrò rẹ̀ tó dé. Ẹrù rẹ̀ kò tó ara wọn, nítorí ọkọ lè ní aya mìíràn, ìyàwó kò sì ní ọkọ mìíràn. Òǹkọ̀wé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí ìjà ìfẹ́ tó pọ̀ tó níbẹ̀: ọkọ ti ojú ogun dé, ọmọ kò tíì já lẹ́nu ọmú, ìyá ọkọ sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá, nítorí bí ìyàwó bá lóyún lé ọmọ, ìtìjú rẹ̀ kò ní mọ sórí àwọn méjèèjì nìkan.