Ta Ló Pàdánù Nínú "Compare Unfavourably With"?

Àwọn tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì níbí, n'Ógbòmọ̀ṣọ́, fẹ́ràn "unfavourably" púpọ̀. Ó gùn, ó sì ń dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé. Ibi tí wọ́n ń gbé e sí ló ń bà mí lẹ́rù.

Nígbà mìíràn, ohun tó ń sọ ni pé inú ẹnì kan ò dùn sí nǹkan: "The elders looked unfavourably on the plan." Àwọn àgbà ò fojú rere wo ètò náà nìyẹn. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni o, bóyá wọ́n kàn yínmú lásán ni. Lẹ́tà ọ́fíìsì tó bá ní wọ́n "considered your application unfavourably" ti kọ̀ fún yín náà nìyẹn, ẹ̀rọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ń sọ pé nǹkan kan ò tó èkejì rẹ̀. "Compare" ló sábà máa ń bá a rìn níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an lẹsẹ̀ sì ti ń yẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń ta iṣu ní Sábó, tó wá kọ ọ́ sára pátákó pé: "My yams compare unfavourably with theirs." Ó rò pé òun ń pọ́n ọjà òun ni. Ohun tó kọ ni pé iṣu òun ò tó tiwọn! Èyí tó bá ṣíwájú "compare" ló pàdánù. Èyí tó tẹ̀ lé "with" ló borí. Bó bá fẹ́ yìn ín, "favourably" ni kó kọ.

Ẹ má fi "unfavourably" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn nígbà tó jẹ́ pé "ó ṣeni láàánú" lẹ fẹ́ sọ, "unfortunately" nìyẹn. Ọmọ tó hùwàkiwà, "badly" ló hùwà. Bí òjò bá sì rọ̀ nígbà tí kasú ń tanná, tí òdòdó bà jẹ́, "adversely" ló bá "affect" mu jù: "The rain adversely affected the cashew flowers."

Ti sípẹ́lì ò le. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti yọ "u" inú "favour" kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí Noah Webster tẹ̀ jáde ní 1828. Ti Bìrìtìkó là ń lò nílé ìwé wa. Èyí tó bá wù yín, ẹ ṣáà má kọ "favour" nílà àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tún kọ "unfavorably" nílà kẹta.