Ọ̀sanyìn Ló Kọ́kọ́ To Ewé Wa

Ilé kan wà ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn, nínú ọgbà àwọn tó ń ṣèwádìí igbó. FHI (Forest Herbarium Ibadan) ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ewé gbígbẹ tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Bí wọ́n bá fa ọ̀kan yọ, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ ó bá lára páálí, ewé rẹ̀ ti gbẹ, ó pẹlẹbẹ. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti já a sí, ọjọ́ tí wọ́n já a, àti ẹni tó já a. Orúkọ Yorùbá sì wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Níbi orúkọ yẹn ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi.

Àwọn àgbà sọ pé Ọ̀rúnmìlà ra Ọ̀sanyìn lẹ́rú, ó ní kó lọ ṣán oko. Ọ̀sanyìn mú àdá, kò gé koríko kan. Èyí ń wo ibà, èyí ń wo inú rírun, tọ̀hún ń fún ni lọ́mọ: èwo ni kí òun gé níbẹ̀? Ọ̀rúnmìlà bá fà á mọ́ra, kó máa pe ewé lórúkọ fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ni wọ́n ń ṣe ní Jẹ́ríkò tó yàtọ̀ sí èyí? Ẹ wo ìsọ̀ lẹ́kulẹ́ja: èèpo, egbò àti ewé gbígbẹ, kálukú ló ní àyè tirẹ̀. Ó dá mi lójú pé àtọdúnmọ́dún la ti ń to ewé, kí páálí tó dé.

Àwọn kan á ní Charles Barter ló bẹ̀rẹ̀ ewé títò, ọmọ ọgbà ewéko Kew ní London tó bá Baikie, olórí ìrìn-àjò àwọn Òyìnbó, wọ Odò Ọya ní 1857, tó kú sí Rabba ní 1859. Ewé tó kó wà ní Kew lóòótọ́, wọ́n sì sọ igi kan ní Barteria nítorí rẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni àkọ́kọ́.

Ẹ gbọ́ asofẹ́yẹjẹ: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti jókòó ti igi náà, ó ti rí ẹyẹ tó ń ṣa èso pupa rẹ̀ jẹ. Orúkọ tí Afzelius, onímọ̀ ewéko ará Sweden, fún un ńkọ́? Rauvolfia vomitoria. Èébì ni vomitoria ń wí! Egbòogi yìí làwọn adáhunṣe wa fi ń mú orí wèrè balẹ̀, kí wọ́n tó rí èròjà oògùn tí wọ́n ń pè ní reserpine nínú rẹ̀.

Ní 1887, lásìkò Gómìnà Moloney, wọ́n dá ọgbà ewéko sílẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1949, Keay, onímọ̀ ewéko ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kó ewé gbígbẹ ti FHI n'Ìbàdàn jọ. Yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó náà ti ní tiwọn.