Ṣé lóòótọ́ ni ìbọn ńlá máa ń ti ọkọ̀ ogun Iowa lọ sí ẹ̀gbẹ́?

Ní ọdún 1984, wọ́n ya àwòrán kan láti òkè nígbà tí Iowa, ọkọ̀ ogun ojú omi ti Amẹ́ríkà, ń yin ìbọn ńlá rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí apá kan ṣoṣo nítòsí erékùṣù Vieques ní Puerto Rico. Iná ńlá yọ lẹ́nu àwọn ìbọn náà, omi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sì ru di funfun. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi àwòrán yìí jẹ́rìí pé ìbọn náà ti gbogbo ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní ọ̀pọ̀ mítà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo mọ ìdí tí èrò náà fi ń wọni lọ́kàn, nítorí ọdẹ tó bá ti yin ṣakabùlà rí mọ bí ìdí ìbọn ṣe ń gbáni léjìká. Ohun tí a kì í rò mọ́ ọn ni ìwọ̀n ọkọ̀ náà. Ọta tí Iowa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, New Jersey, Missouri àti Wisconsin, fi ń lu irin ọkọ̀ ọ̀tá wúwo tó kìlógíráàmù 1,225. Nǹkan bí 300 kìlógíráàmù ẹ̀tù, tí wọ́n dì sínú àpò mẹ́fà, ló ń tì í jáde kí ó lè máa sáré mítà 762 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára ńlá ni, àmọ́ ọta mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lápapọ̀ kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 11 lọ, nígbà tí ọkọ̀ tó kún fún ẹrù ń lọ sí tọ́ọ̀nù 57,000, èyí tó ju ìwọ̀n ọta náà lọ ní ìlọ́po 5,000. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé omi kò sí níbẹ̀, tí a sì fi agbára èéfín gbígbóná kún un, eré tí ọkọ̀ náà máa sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kò lè tó sẹ̀ńtímítà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi sì wà níbẹ̀: kí ọkọ̀ tó gùn ní mítà 270 tó lè sún sí ẹ̀gbẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti gbogbo omi tó wà lẹ́bàá rẹ̀, nítorí náà ni ìsún kékeré yẹn fi ń kú lójú ẹsẹ̀.

Ìbọn gan-an ló ń ṣí nípò. Bí ọta bá ti jáde, ọ̀pá ìbọn á sún padà sẹ́yìn ní nǹkan bíi mítà kan lé díẹ̀, ohun èlò ìdádúró tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì gba agbára náà díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà já lu ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi funfun inú àwòrán náà kì í ṣe ipa ọkọ̀ tó sún. Èéfín àti afẹ́fẹ́ tó bú jáde lẹ́nu ìbọn ló na ojú omi bẹ́ẹ̀. Ìbúgbàù yìí ló léwu lóòótọ́, ìdí sì nìyẹn tí àwọn atukọ̀ fi gbọ́dọ̀ kúrò ní gbangba ojú ọkọ̀ kí wọ́n tó yin ìbọn ńlá wọ̀nyẹn.