Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ nípa ọkàn ọmọ tí kò tètè ké

Bí ọmọ bá wáyé ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí kò ké, ẹnu àti imú rẹ̀ ni gbogbo ojú máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí. Kí agbẹ̀bí nu ún gbẹ kíákíá, kí ó sì fi báàgì fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú kí ìṣẹ́jú 1 tó pé bí kò bá mí, ìyẹn ló ń gba ẹ̀mí là. (Dída omi tútù sí i lára tàbí dídorí rẹ̀ kodò kò ràn án lọ́wọ́ rárá.) Tí èémí bá ti dé, ọpọlọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani: ṣé gìrì kò ní mú un, ṣé yóò lè fa ọmú? Ọkàn kì í sábà bọ́ sínú ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọpọlọ yẹn.

Nínú oyún, ipasẹ̀ ibi ọmọ àti okùn ìwọ́ ni ọ́síjìn fi ń dé ara ọmọ. Bí ibi bá já kó tó tó àsìkò, tàbí tí ohun kan bá tẹ okùn náà pa, ọ́síjìn á wọ́n. Ara ọmọ á wá fa ẹ̀jẹ̀ kúrò ní awọ, ìfun àti kíndìnrín, á darí rẹ̀ sí ọpọlọ àti ọkàn. Ìdí nìyẹn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi máa ń funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì máa ń wọ́n. Bó bá pẹ́, ọ̀wọ́n náà á kan ọkàn fúnra rẹ̀. Iṣan tó wà ní inú pátápátá lára ògiri ọkàn á kọ́kọ́ jìyà, pẹ̀lú àwọn iṣan kéékèèké tó ń di ilẹ̀kùn ọkàn mú. Ilẹ̀kùn á jò, ẹ̀jẹ̀ á máa padà sẹ́yìn.

Nínú iṣan ọkàn ni purotéènì kan wà tó ń jẹ́ troponin, òun ló ń jẹ́ kí iṣan náà fún kó sì tún dẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ya, á jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá rí epo pupa lójú ọ̀nà Pọbẹ̀ mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì ẹnìkan ti lu. CK-MB, purotéènì mìíràn tó wà nínú iṣan ọkàn, náà máa ń jò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìrọbí nìkan ti tó láti gbé e sókè lára ọmọ tí ara rẹ̀ le, torí náà kò ṣeé gbára lé tó troponin. BNP, ohun mìíràn tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, yàtọ̀ ní tirẹ̀: ọkàn tó ń wú nítorí ẹrù ló ń tú u jáde.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ̀n àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bàbá kan á di ìwé náà mú ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), á rí ọfà tó dojú kọ òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kan, àyà rẹ̀ á já. Ṣùgbọ́n ààlà tí wọ́n sábà tẹ̀ síbẹ̀ jẹ́ ti àgbàlagbà. Fún troponin T, 14 ng/L ni ààlà tiwọn, ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun tí kò sí nǹkan tó ṣe wọn sì máa ń kọjá rẹ̀ dáadáa. Òṣùwọ̀n ọmọ tuntun nìkan ló yẹ kí wọ́n fi wọn ọmọ tuntun, ó sì yẹ kí òbí lè béèrè èyí láìbẹ̀rù.

Àkókò tún ṣe kókó. Ó tó wákàtí mélòó kan kí troponin tó gòkè, ó sábà máa ń ga jù láàárín wákàtí 12 sí 24, á sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà lójú ẹsẹ̀ lè dákẹ́ nígbà tí ọkàn ti farapa. Kétu sí Àjàṣẹ́ tó 100 kìlómítà. Bí wọ́n bá gbé ọmọ lọ síbẹ̀, kí ìwé rẹ̀ gbé wákàtí ìbí lọ, kí wọ́n sì kọ wákàtí tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sára ìgò. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ kílò 3 kò ju nǹkan bíi 250 mL lọ, nítorí náà díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Fífún gìgísẹ̀ ọmọ jù máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀, á sì da èsì rú.

Èsì tó ga máa ń jẹ́ kí dókítà ṣọ́ omi tó ń fà sí ọmọ lára, nítorí ọkàn tó rẹ̀ kò lè ti omi púpọ̀. Wọn á tún fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń fún. Bí iye náà bá ń rọlẹ̀ lójoojúmọ́, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ń gbóná, tí ìtọ̀ ń wá, ọkàn ń kọ́fẹ padà nìyẹn, èyí tó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó bá la ọjọ́ àkọ́kọ́ já.